Ipá, Agbára àti Ìdìmọ́lẹ̀: Bí Katakata Àtijọ́ Ṣe Lè Fa Ẹrù Tí Ó Wúwo Jù

1. Ìfáárà

Láàárín Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀ ni ìlú Ìkirè àti Àpòmù wà, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìlú àgbẹ̀ ni àwọn méjèèjì. Kòkó, obì, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ilẹ̀ wọn ń mú jáde. Òkìkí dòdò Ìkirè sì ti kàn kọjá agbègbè náà. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, bí àgbẹ̀ bá wa katakata tí ó ti gbó lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, gbólóhùn kan ni ó sábà máa ń sọ, pé katakata òun kò lágbára mọ́.

Gbólóhùn náà kúrú, ṣùgbọ́n ó kéré tán, ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó lè túmọ̀ sí. Ó lè jẹ́ pé bí ẹrù bá ti wúwo, ńṣe ni ẹ́ńjìnnì ń kú. Ó lè jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì kò kú, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń rìn bí ìgbín. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ń bú ramúramù, táyà ẹ̀yìn ń yí lójú kan, ẹrù kò sì kúrò níbi tí ó wà. Àìsàn mẹ́ta ni wọ̀nyí, oògùn wọn kò sì jọra. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, agbára, ni èdè ojoojúmọ́ fi ń pe ohun tí ó ṣe aláìní nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mẹkáníìkì tí ó bá gbọ́ ọ̀kan dípò èkejì lè tú ẹ́ńjìnnì tí kò ní àrùn palẹ̀, kí owó olówó sì ṣòfò.

Fún olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè pàápàá, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Ètò Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ọlọ́dún Mẹ́fà ní Mọdákẹ́kẹ́, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá. Èdè Yorùbá ni a fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ní 1984, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni ni ó dá lé. Iṣẹ́ ẹ̀rọ kò sí lára ohun tí ó gbé yẹ̀ wò. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé ni bí a ṣe lè fi ọ̀rọ̀ Yorùbá ya àwọn èrò tí ó wà nínú ìfà sọ́tọ̀ sí ara wọn, kí ẹni tí ó ń tún katakata ṣe àti ẹni tí ó ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì lè máa sọ ohun kan náà. Ìdíje ìfà katakata ni a óò fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé níbẹ̀ ni àwọn èrò náà ti hàn gbangba jù lọ.

2. Ohun tí ìdíje ìfà jẹ́

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ìdíje yìí ti gbilẹ̀. Ní 1929 ni wọ́n ti ń ṣe é ní ìpínlẹ̀ Missouri àti ti Ohio. Ní 1969 ni a dá ẹgbẹ́ National Tractor Pullers Association sílẹ̀, kí òfin ìdíje lè bára mu láti ìpínlẹ̀ kan dé èkejì.

A óò so katakata mọ́ ohun ńlá kan tí a lè pè ní àwọ́lẹ̀. Táyà wà lẹ́yìn àwọ́lẹ̀ yìí, irin pẹlẹbẹ sì wà níwájú rẹ̀ tí ń ha ilẹ̀. Àpótí ẹrù kan wà lórí rẹ̀ tí ń sún síwájú díẹ̀díẹ̀ bí katakata ti ń fà á lọ. Nítorí náà, ìwúwo ń kúrò lórí táyà, ó ń bọ́ sórí irin, ìdíwọ́ tí ilẹ̀ ń ṣe sì ń pọ̀ sí i ní gbogbo ìgbà. Katakata tí ó rọrùn fún ní ìbẹ̀rẹ̀ yóò rí i pé bí òun ti ń rìn ni ẹrù ń le. Ẹni tí ó bá fà á jìnnà jù lọ ni ó borí. Ẹni tí ó bá fà á dé 300 ẹsẹ̀ bàtà, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bíi mítà 91, ni a gbà pé ó fà á parí. Ìwúwo ni a fi ń pín àwọn katakata sí ìpele, àwọn katakata àtijọ́ sì ní ìpele tiwọn.

Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé eré ìdárayá ni èyí, iṣẹ́ tí katakata àtijọ́ ń ṣe ní oko Ìkirè àti Àpòmù kò yàtọ̀ sí i. Ohun ìtúlẹ̀ tí ó wọnú ilẹ̀ líle, tírélà tí ó kún fún ẹ̀gẹ́ tí ó rì sínú ẹrẹ̀, tàbí igi gẹdú tí a ń wọ́ jáde láti inú igbó, àwọ́lẹ̀ ni gbogbo wọn. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi katakata.

3. Ipá, iṣẹ́ àti agbára

Ipá ni ohun tí a fi ń ti nǹkan tàbí tí a fi ń fà á. Níútọ̀nù ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá ti ọkọ̀ tí ó rì, tí ọkọ̀ náà kò sì mira, wọ́n ti lo ipá, ṣùgbọ́n nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ kankan kò tí ì wáyé lára ọkọ̀ náà. Ìgbà tí ipá bá gbé nǹkan kúrò láti ibì kan dé ibòmíràn ni a tó lè sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Agbára ní tirẹ̀ ni ìwọ̀n iṣẹ́ tí a ṣe láàárín àkókò kan. Wáàtì ni a fi ń wọ̀n ọ́n, tàbí agbára ẹṣin, tí James Watt fi lélẹ̀ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún: kí a gbé ìwúwo 33,000 pọ́n-ùn sókè ní ẹsẹ̀ bàtà kan láàárín ìṣẹ́jú kan. Agbára ẹṣin kan jẹ́ nǹkan bíi wáàtì 746.

Bí katakata bá ń fa ẹrù pẹ̀lú ipá 12,000 níútọ̀nù, tí ó sì ń rin mítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, agbára tí ó ń lò jẹ́ 12,000 wáàtì, èyíinì ni nǹkan bí agbára ẹṣin 16. Bí ó bá fẹ́ fa ẹrù náà gan-an ní mítà méjì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ipá kò yí padà, ṣùgbọ́n agbára di agbára ẹṣin 32. Ohun tí ó yẹ kí ó yé akẹ́kọ̀ọ́ láti inú èyí ni pé ipá ni ó ń ṣí ẹrù nídìí, agbára ni ó ń sọ bí yóò ti yára tó.

Nínú ẹ́ńjìnnì, yíyí ni ipá ń yí kíráńkì. Irú ipá tí ń yí nǹkan báyìí ni a lè pè ní ipá ìyí. Gíà lè sọ ipá ìyí di ìlọ́po mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó dé ẹsẹ̀ táyà, ṣùgbọ́n bí ó bá ti sọ ipá di ìlọ́po mẹ́wàá ni ó ń sọ eré di ìdá kan nínú mẹ́wàá. Gíà ń pààrọ̀ eré fún ipá. Kò lè dá agbára.

4. Nígbà tí ọ̀rọ̀ di òfin

Ìyàtọ̀ yìí ti dá wàhálà sílẹ̀ rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn tí ń ta katakata ní Amẹ́ríkà ń kéde iye agbára ẹṣin bí ó ti wù wọ́n. Àgbẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Nebraska, Wilmot Crozier, ra katakata tí kò lè ṣe ohun tí wọ́n sọ fún un pé yóò ṣe. Nígbà tí ó di aṣòfin, ó wà lára àwọn tí ó gbé òfin kan kalẹ̀ ní 1919, pé a kò gbọdọ̀ ta irú katakata kankan ní ìpínlẹ̀ náà láìjẹ́ pé a ti dán an wò. Láti 1920 ni Yunifásítì Nebraska ti ń ṣe àyẹ̀wò náà ní ìlú Lincoln.

Katakata tí wọ́n kọ́kọ́ dán wò, Waterloo Boy, ni wọ́n ń tà pẹ̀lú iye méjì: 12 àti 25. Agbára ẹṣin 25 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè fi yí bẹ́líìtì. 12 péré ni ó lè fi fa ẹrù. Ìyókù, gíà àti ilẹ̀ ni wọ́n jẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá ka 25 tí ó sì rò pé ìfà ni, ó ti tan ara rẹ̀ jẹ. Nítorí náà, a nílò ọ̀rọ̀ méjì: agbára ẹ́ńjìnnì, tí a wọ̀n lára ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, àti agbára ìfà, tí a wọ̀n ní ibi tí a so ẹrù mọ́.

5. Ọ̀nà mẹ́ta tí agbára ẹ́ńjìnnì fi ń pọ̀ sí i

Nínú síléńdà, epo àti atẹ́gùn ń jó, gáàsì gbígbóná sì ń ti písítìn sísàlẹ̀. Ohun mẹ́ta ni agbára ẹ́ńjìnnì gbára lé: ìfúnpá tí gáàsì fi ń ti písítìn, àyè tí písítìn ń gbá nínú gbogbo síléńdà, àti iye ìgbà tí iná ń ràn ní ìṣẹ́jú kan. Kò sí ọ̀nà kẹrin.

Katakata Massey Ferguson 135, irú èyí tí ó gbajúmọ̀ ní Nàìjíríà, ń lo ẹ́ńjìnnì Perkins onísíléńdà mẹ́ta. Ìfẹ̀ ojú síléńdà rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 91.4, ìrìn písítìn sì jẹ́ mìlímítà 127. Àyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lápapọ̀ jẹ́ lítà 2.5. Ẹ jẹ́ kí ìfúnpá àárín-gbùngbùn jẹ́ 700,000 níútọ̀nù lórí mítà kan níbùú-lóròó, kí kíráńkì sì máa yí ní ìgbà 2,000 ní ìṣẹ́jú kan. Nínú irú ẹ́ńjìnnì yìí, ẹ̀ẹ̀kan ni iná ń ràn nínú síléńdà kọ̀ọ̀kan nínú ìyípo méjì. Bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀, yóò fún wa ní nǹkan bíi kílówáàtì 29, èyíinì ni agbára ẹṣin 39.

Ọ̀nà kìíní ni ìfúnpá. Nínú ẹ́ńjìnnì tí ó ti gbó, ibí ni ọ̀pọ̀ agbára ti ń sọnù. Bí ríńgì bá ti jẹ, gáàsì yóò máa yọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ písítìn. Bí fáàfù kò bá padé dáadáa, tàbí bí gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù síléńdà bá ti jó, bákan náà ni. Bí nọ́súlù bá ń tu epo jáde dípò kí ó fín in bí ìrì, epo kò ní í jó tán. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe fífi agbára kún agbára, bí kò ṣe gbígba èyí tí ó ti sọnù padà. Atẹ́gùn pẹ̀lú ṣe pàtàkì. Kí kílò epo dísù kan tó jó tán, ó ń fẹ́ nǹkan bíi kílò atẹ́gùn 14 sí 15. Ní ọ̀sán ọ̀gbẹlẹ̀ tí ooru bá dé ìwọ̀n 35, atẹ́gùn tí ó kún síléńdà kan fúyẹ́ ju ti ìgbà tí ooru wà ní ìwọ̀n 15 lọ ní nǹkan bíi 6 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí eruku ọyẹ́ bá tún dí ẹnu asẹ́ atẹ́gùn, àdánù náà yóò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá kàn ṣí pọ́ǹpù epo sí i láìsí atẹ́gùn tí yóò bá a jó, èéfín dúdú ni yóò rí, ooru yóò sì ba písítìn jẹ́. Nínú ẹ́ńjìnnì onípẹtiróòlù àtijọ́, àwọn olùdíje tún ń fi kún ìlọ́po ìfúnpọ̀, èyíinì ni iye ìgbà tí a sọ àyè atẹ́gùn di kékeré kí iná tó ràn.

Ọ̀nà kejì ni àyè. Àpẹẹrẹ rẹ̀ tí ó dára ni ti katakata Farmall M tí a ṣe ní Amẹ́ríkà láti 1939 sí 1952. Ìfẹ̀ ojú síléńdà rẹ̀ jẹ́ ìnṣì mẹ́ta àti ìdá méje nínú mẹ́jọ. Nígbà tí àwọn tí ó ṣe é gbé Super M jáde ní 1952, wọ́n sọ ọ́ di ìnṣì mẹ́rin gééré, wọn kò sì fọwọ́ kan ìrìn písítìn. Àyè síléńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò ní lítà 4.06, ó di 4.32. Ìfẹ̀ ojú síléńdà fi díẹ̀ lé ní 3 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n àyè fi ju 6 lọ, nítorí pé ìfẹ̀ ni a ń sọ di ìlọ́po ara rẹ̀ nínú ìṣirò náà. Òpin wà fún èyí pẹ̀lú. Ògiri síléńdà tí a bá gbẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ yóò tẹ́ẹ́rẹ́, yóò sì sán.

Ọ̀nà kẹta ni eré. Ẹ̀rọ adíwọ̀n-eré ni ó ń dá ẹ́ńjìnnì dúró kí ó má baà sáré kọjá ààlà. Bí a bá yí i kúrò ní ìyípo 2,000 sí 2,400, agbára lè fi ìdá kan nínú márùn-ún pọ̀ sí i, bí atẹ́gùn bá lè tètè wọlé tó. Ṣùgbọ́n ipá tí ń fa písítìn àti apá rẹ̀ ya kò pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà; 44 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó fi ń pọ̀. Irin tí ó ti ṣiṣẹ́ fún àádọ́ta ọdún kò ṣeé gbójú lé fún irú èyí. Nínú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí ni ó rọrùn jù láti ṣe, òun náà ni ó sì ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ jù.

6. Láti ẹ́ńjìnnì dé ilẹ̀

Àwọn àgbà sọ pé alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ. Bí ó ti rí fún ènìyàn ni ó rí fún katakata. Ipá tí ó ti ẹ́ńjìnnì wá kò lè ju èyí tí táyà lè fi di ilẹ̀ mú lọ. Ìdìmú yìí ni a lè pè ní ìdìmọ́lẹ̀. Ohun méjì ni ó ń pinnu rẹ̀: ìwúwo tí ó wà lórí táyà ẹ̀yìn, àti bí ilẹ̀ àti táyà ti rí.

Ẹ jẹ́ kí ìwúwo tí ó wà lórí táyà ẹ̀yìn katakata kan jẹ́ 12,000 níútọ̀nù, kí táyà sì lè fi ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá rẹ̀ di ilẹ̀ mú. Ipá ìfà kò lè ju 7,200 lọ. Ṣùgbọ́n bí katakata ti ń fà, ẹrù ń fà á sẹ́yìn, ìwúwo díẹ̀ sì ń kúrò lórí táyà iwájú bọ́ sórí ti ẹ̀yìn. Bí ibi tí a so ẹrù mọ́ bá ga ní ìlàjì mítà, tí mítà méjì sì wà láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn, ìdá mẹ́rin ipá ìfà ni yóò bọ́ sẹ́yìn. Ipá ìfà yóò wá tó nǹkan bíi 8,470. Láti fa èyí ní mítà kan àti ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, agbára ẹṣin 17 ti tó. Bí ẹ́ńjìnnì bá ní 39, èyí tí ó lé ní ìlàjì rẹ̀ kò rí iṣẹ́ ṣe. Ẹni tí táyà rẹ̀ ń yí lójú kan, tí ó wá lọ ń gbẹ́ síléńdà, oògùn ẹ̀fọ́rí ni ó ń lò fún ẹsẹ̀ dídùn.

Bí a bá gbé irin tí ó wúwo ní 3,000 níútọ̀nù sórí táyà ẹ̀yìn, ipá ìfà yóò di nǹkan bíi 10,590, láìfọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rárá. Nísinsìnyí, bí awakọ̀ bá fẹ́ rin mítà mẹ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan, agbára ẹṣin 43 ni yóò nílò. Thirtí-náìnì kò tó. Ẹ́ńjìnnì yóò kú. Ibí yìí gan-an ni ó ti tọ́ láti wá agbára kún agbára ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe ṣáájú.

Ewu kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí olùkọ́ tẹnu mọ́. Bí a bá so ẹrù mọ́ ibi tí ó ga, ìwúwo púpọ̀ ni yóò bọ́ sẹ́yìn, katakata yóò sì fà dáadáa, títí dé ìgbà tí táyà iwájú yóò kúrò nílẹ̀. Bí ó bá ga ju ọ̀pá táyà ẹ̀yìn lọ, katakata lè dojú dé sẹ́yìn lórí awakọ̀ kí ó tó rí àyè tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Katakata àtijọ́ kò sì ní irin tí yóò gba awakọ̀ là. Ìdí nìyí tí òfin ìdíje fi ń fi òpin sí gíga ibi ìso náà, tí wọ́n sì ń fi irin ìdènà sí ẹ̀yìn katakata. Ẹni tí ń wọ́ gẹdú nínú igbó kò ní òfin ìdíje tí yóò dáàbò bò ó. Ìmọ̀ nìkan ni ó ní: kí ó so ẹrù mọ́ ìsàlẹ̀.

7. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá

Orúkọ àwọn ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì tí àwọn mẹkáníìkì ti ń lò, bíi písítìn, ríńgì, kíráńkì, gásíkẹ́ẹ̀tì, nọ́súlù àti tọ́ọ̀pù síléńdà, ti wọ èdè. Kò sí èrè nínú kí a fi ọ̀rọ̀ tuntun rọ́pò wọn. Èrò ni ó nílò ọ̀rọ̀, kì í ṣe irin. Nítorí náà ni a ṣe dábàá ìwọ̀nyí:

Ipá: ohun tí a fi ń ti nǹkan tàbí tí a fi ń fà á.
Ipá ìyí: ipá tí ń yí nǹkan po lójú kan.
Iṣẹ́: ipá tí ó gbé nǹkan kúrò níbi tí ó wà.
Agbára: ìwọ̀n iṣẹ́ tí a ṣe láàárín àkókò kan.
Agbára ẹ́ńjìnnì: agbára tí a wọ̀n lára kíráńkì tàbí bẹ́líìtì.
Agbára ìfà: agbára tí ó kù ní ibi tí a so ẹrù mọ́.
Ìfúnpá: ipá tí ó tẹ ìwọ̀n ojú kan.
Ìlọ́po ìfúnpọ̀: iye ìgbà tí a sọ àyè atẹ́gùn di kékeré nínú síléńdà.
Ìdìmọ́lẹ̀: bí táyà ti di ilẹ̀ mú tó.
Àwọ́lẹ̀: ẹrù tí katakata ń wọ́ nílẹ̀.

8. Ìkádìí

Pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, àgbẹ̀ Àpòmù tí katakata rẹ̀ kò fà mọ́ lè sọ èyí tí ó ń ṣe é. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń kú lábẹ́ ẹrù, ipá ìyí ni kò tó: kí ó kọ́kọ́ fi gíà kékeré wà á, kí mẹkáníìkì sì yẹ ìfúnpá wò. Bí ó bá ń falẹ̀ nínú gbogbo gíà, agbára ẹ́ńjìnnì ni ó dínkù. Bí táyà bá ń yí lójú kan, ìdìmọ́lẹ̀ ni kò sí, irin díẹ̀ lórí táyà ẹ̀yìn sì lè ṣe ohun tí owó ńlá kò ní í ṣe nínú ẹ́ńjìnnì. Òfin ni àwọn ará Nebraska fi ya agbára ẹ́ńjìnnì sọ́tọ̀ sí agbára ìfà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọwọ́ olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà, bí wọ́n bá lè mú ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú ìwé, kí wọ́n sì gbé e dé abẹ́ igi tí mẹkáníìkì ti ń tú ẹ́ńjìnnì.